Ọkọ̀ Oníwo Nínú Igbó Gbẹ́rùsílẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí. Ẹni tó bá gbé igbá ẹmu lọ́wọ́, kó gbé e kalẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ọwọ́ tó kún gbọ́. Mo ti sọ ti ẹkùn tó lé mi gun igi fún yín, mo ti sọ ti ìnàkí tó bá mi du ìbọn, ẹ sì rẹ́rìn-ín títí ẹ fi di ìhà mú. Ti òní kò ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú. Ìtàn bí mo ṣe lọ gbé Bàbá Ọdẹ́tókun ni, ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ọdẹ, nígbà tí igi wó lù ú lẹ́sẹ̀ nínú Igbó Gbẹ́rùsílẹ̀, tí kò sì sí ẹlòmíràn tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín sí èmi; mo ti gbà á láyè. Ṣùgbọ́n kó má rẹ́rìn-ín sí ọ̀nà tí mo gbà, nítorí kò mọ ọjọ́ tí òun náà yóò gbà á.

Èmi ni Ọdẹ́yalé ọmọ Ògúndíyà, ará Ìdó-Ìrókò. Àkànó ni ìyá mi fi máa ń kì mí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ilẹ̀ ti gba ìyá mi, n kò gbọ́ orúkọ náà mọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, n kò sì wá a lọ. Mi ò ní í torí ìtìjú purọ́ fún yín: mo mọ iṣẹ́ ọdẹ. Ìbọn mi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀ràn kan. Ìgalà tó bá gbọ́ òórùn mi, ńṣe ló máa ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ láti sọ bí wọn yóò ṣe pín ogún òun. Ẹfọ̀n tó dààmú àwọn olóko wa, tó lé ọkùnrin gbogbo wọ ilé, èmi nìkan ni mo dojú kọ ọ́, èmi náà ni mo sì jẹ orí rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe ìbọn ni wọ́n fi mọ̀ mí nílùú. Ọkọ̀ ni wọ́n fi mọ̀ mí.

Ní ọdún tí kòkó lówó lórí gidi, mo ra ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí gbayawu, irú èyí tí à ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Ọkọ̀ tó mọ níwọ̀n ni nígbà tí mo rà á, kò ju ara rẹ̀ lọ. Jinádù wẹ́dà, ẹni tó ń jó irin mọ́ irin lẹ́bàá ọ̀nà wa, ló wò ó tó mi orí. "Bàbá ọdẹ," ó ní, "ṣé bí ọkọ̀ ẹni tó ń kó gbágùúdá ni tiyín náà yóò ṣe máa rìn? Ẹ̀yin tí ẹ pa ẹfọ̀n?" Ẹ wo bí ẹnu dídùn ṣe ń rán èèyàn níṣẹ́. Mo gbé ọkọ̀ fún un. Ó jó àtẹ irin ńlá kan mọ́ orí òrùlé rẹ̀, ó to iná sí iwájú àtẹ náà tó fi jẹ́ pé bí mo bá tàn wọ́n, àkùkọ á kọ, ẹni tó ń sùn á sì gbé ọkọ́. Ó ri òpó irin oníhò kan tí inú rẹ̀ ṣófo mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó gbé gbohùngbohùn lé e lórí, mo sì bẹ oníjàálá kan kó kì mí sínú kásẹ́ẹ̀tì, tí yóò fi máa kì mí lọ tí yóò máa kì mí bọ̀. Ó fi ìdérí tó ń dán bí dígí bo ojú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ìparí, ó gbé ìwo ẹfọ̀n náà, pẹ̀lú egungun orí rẹ̀, ó dè é mọ́ iwájú ọkọ̀ lórí irin tó nípọn bí apá ọkùnrin. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti yí padà. "Oníwo ń bọ̀." "Oníwo ti kọjá." Kódà àwọn tó jẹ mí lówó oko ń pè mí ní Oníwo. Mo ń dáhùn. Ó dùn mọ́ mi létí ju oyin lọ.

Bàbá Ọdẹ́tókun nìkan ni kò yìn ín. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó fi igi lu irin rẹ̀, ó ní, "Ọdẹ́yalé, ọdẹ kì í di ẹrù wọ igbó. Inú igbó ni ẹrù ti ń bá ọdẹ jáde." Mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ ló ń rù ú, kì í ṣe èmi." Ó ní, "Ó dáa." Ẹ̀yin ọmọ mi, bí àgbà bá ní "ó dáa" fún yín lọ́nà báyẹn, ẹ tètè padà lọ bi í pé kí ni kò dáa.

Ó di ìgbà òjò kan. Mo ń nu ìwo náà lọ́wọ́ nígbà tí Ọdẹ́níyì, ọdẹ ẹgbẹ́ wa, ti inú igbó jáde, tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tiro. Òun àti Bàbá Ọdẹ́tókun ni wọ́n jọ wà ní àgọ́ ọdẹ lẹ́yìn Odò Amúmìí. "Igi wó lu Bàbá," ó ní. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún fọ́ lábẹ́ orúnkún. Ó ti wú, ó ti ń dúdú. Mo gbé omi àti iṣu sísun sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì sáré wá." Mo bi í pé kí ni Bàbá wí. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ó ní tí o bá máa wá, kí o má pariwo." Mo sáré lọ bá dókítà ilé ìwòsàn wa. Dókítà náà ní bí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá dé ọwọ́ òun kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ti tán, ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Bí a bá fi ẹsẹ̀ rìn lọ gbé e pẹ̀lú ibùsùn, a kò lè dé bọ̀ kó tó di ìgbà náà. Ọkọ̀ nìkan ló kù, ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn agégẹdú là sílẹ̀ sì ni ọkọ̀ náà máa gbà. Ìgbà yẹn gan-an ni epo ọkọ̀ wọ́n bí ojú. Ilé epo ti tilẹ̀kùn, àwọn tó ń tà á létí ọ̀nà ti wọlé. Ohun tó wà nínú táńkì mi, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kan tí Abẹ́ní, ìyàwó mi, fi pa mọ́ fún ẹ̀rọ ata rẹ̀, gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn.

Abẹ́ní bá mi bu epo náà sínú táńkì ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó wo òkè ọkọ̀, ó wo ilẹ̀.

"Bàbá Mojí, ẹ ò ní yọ àwọn irin yìí kí ẹ tó lọ?"

"Kí ni irin ṣe fún ọ?"

"Epo ò tó. Ọkọ̀ yìí ń mu ún bí ẹni tó bá ẹmu ọ̀fẹ́. Aláìsàn lẹ sì fẹ́ lọ gbé, ẹ ò lọ jẹ oyè."

"Abẹ́ní, ṣé kí n wọ igbó bí ẹni tó ń lọ kó gbágùúdá ni?"

"Gbágùúdá kì í kú sọ́nà," ó ní, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo wọlé.

Mo lọ. Gbohùngbohùn ń kì mí, ìwo ẹfọ̀n ń la ìkùukùu níwájú mi, inú mi sì ń dùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bú mi. Báyìí ni ọmọ aráyé rí: ó lè máa sunkún ọ̀gá rẹ̀, kó sì tún máa yọjú wo ara rẹ̀ nínú dígí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun Òkè Ẹ̀fúùfù, tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà Igbó Gbẹ́rùsílẹ̀, afẹ́fẹ́ kọjú ìjà sí wa. Ó di àtẹ orí ọkọ̀ mú bí ẹni di irun ọmọ aláìgbọràn mú, ó ń fà wá sẹ́yìn. Mo tẹ epo, ẹ́ńjìnnì ké, ọwọ́ géèjì epo sì ń sọ̀ kalẹ̀ lójú mi bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Bí mo ṣe dé orí òkè, mo rí obìnrin kan láàárín ọ̀nà. Ó tín-ín-rín bí ọ̀pá ọwọ̀, ó ga ju igi ọ̀pẹ kékeré lọ, ẹ̀fúùfù tó ń fa igi ìrókò tu ń kọjá lára rẹ̀ láìmi gèlè rẹ̀. Ó gbé ìka kan sókè. Ẹ́ńjìnnì mi kú. Gbohùngbohùn náà pa ẹnu mọ́ láàárín oríkì.

"Ta ló ń bọ̀?" ó ní.

"Oníwo ni, ìyá, ọmọ Ògúndíyà, apẹfọ̀n bí ẹni pa ewúrẹ́..."

"Mo ti gbọ́ ọ kí o tó jí. Ìgalà tó bímọ láàárọ̀ yìí ti gbọ́ ọ, ó ti kó ọmọ lọ. Irú ọdẹ wo nìyẹn?"

"Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Aláìsàn ni mo ń lọ gbé."

"Gbogbo ẹni tó bá gba ibí ló ní ohun tó ń lọ gbé. Wo ìsàlẹ̀ ọ̀hún." Mo wò ó. Egungun ọkọ̀ kún inú kòtò náà, koríko ti gba ẹnu fèrèsé wọn jáde. "Èèyàn tí kò lè dáhùn ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ni màá bi ọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí ọdẹ, báwo ni ọdẹ ṣe ń rìn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi, tí mo ti ń ṣọdẹ kí irùngbọ̀n mi tó hù. Mo ní, "Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mọ ìyẹn. Ọdẹ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á di gbérí, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, mọ́ra, kò ní jẹ́ kí ohunkóhun máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lára òun."

"Ọkọ̀ ọdẹ ńkọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ilé ẹni fún ni pé kó wá fi han àlejò, tí kò sì mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Ohun tí ẹsẹ̀ mi mọ̀ láti kékeré, ọjọ́ tí mo ti jókòó sínú ọkọ̀ ni mo ti gbàgbé rẹ̀. Mo mú sípánà. Mo tú àtẹ irin náà pẹ̀lú gbogbo iná orí rẹ̀, mo gbé e fún un. Ó ní kí n fa tápólì tí mo ká sábẹ́ ìjókòó bo ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ṣí gbayawu náà, kí n dè é kó le bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn, kí afẹ́fẹ́ má baà máa wọ ibẹ̀ jókòó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó le jù: "Bí o bá ń padà bọ̀, màá gba ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́ nílùú. Ṣé o gbà?" Mo wo ìwo ẹfọ̀n. Mo yára gbójú kúrò. Mo sọ fún ara mi pé gbohùngbohùn ló ń wí, nítorí òun ló ń pe orúkọ mi. Èèyàn gbọ́n tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ. Mo ní, "Mo gbà, ìyá." Ó yà fún mi, ó ní, "Má tẹ epo bí ẹni tẹ ejò. Bí ẹni tẹ ẹyin ni kí o máa tẹ̀ ẹ́."

Àbàtà ló kàn. Òjò ti sọ ọ̀nà di ẹ̀kọ tútù níbẹ̀, mo sì wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú agídí, nítorí táyà mi fẹ̀, mo sì ti fún wọn ní afẹ́fẹ́ títí wọ́n fi le bí òkúta. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi jókòó dórí ikùn. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń rì. Ni ọkùnrin kúkúrú kan bá ń rìn bọ̀ lórí ẹrẹ̀ náà bí ẹni rìn lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ewé kókò, àárín ọmọ ìka rẹ̀ sì so pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ.

"Ẹ kú ìjókòó o, ọ̀gá," ó ní.

"Mi ò jókòó. Ọkọ̀ mi rì ni."

"Háà. Mo ti rò pé ẹ wá kọ́lé. Mo ti ń sọ fún ìyàwó mi pé a ó rí ẹni máa bá ṣeré."

"Ẹlẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, jọ̀ọ́, aláìsàn ń retí mi."

"Ẹ fara balẹ̀, ẹrẹ̀ kì í kánjú. Kí ló fà á tí pẹ́pẹ́yẹ fi ń rin ibi tí àkùkọ ń rì sí?"

"Ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ tẹ́, ti àkùkọ ṣe ṣóńṣó." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo ti mọ̀. N kò dúró kó tún bi mí. Mo kó sínú ẹrẹ̀, mo tú afẹ́fẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan títí ìsàlẹ̀ wọn fi tẹ́ pẹrẹsẹ, mo gé ẹ̀ka igi sí iwájú wọn. Ọkùnrin náà ní owó iṣẹ́ òun ńkọ́. Ìdérí táyà tó ń dán ló fẹ́. Mo yọ ọ́ fún un, ó gbé ọ̀kan sókè, ó rí ojú ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé. Ẹ̀rù bà mí fún un. Ó ń wo imú, ó ń wo eyín, ó ń yí ọrùn. Ó gbàgbé èmi, ó gbàgbé àbàtà tó yẹ kó máa ṣọ́, ni ẹrẹ̀ bá la ojú lẹ́yìn rẹ̀, ojú bí ọgọ́rùn-ún, ọwọ́ sì ń na jáde sí ọkọ̀ mi. Mo tẹ epo bí ẹni tẹ ẹyin. Táyà tẹ́, wọ́n di ẹ̀ka igi mú, ọkọ̀ rá pálá, ó jáde. Ọwọ́ kan ti di igun tápólì mú kó tó bọ́. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ wẹ̀yìn, ó kàn ń pariwo látinú dígí rẹ̀ pé, "Tí ẹ bá dé orí ilẹ̀ líle, ẹ fún wọn ní afẹ́fẹ́ wọn padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò mu epo yín gbẹ." Mo fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ táyà náà títí èjìká mi fi ń bẹ mí. Ẹ má ṣe gàn án: ẹni tó gọ̀ náà lè fún ni ní ìmọ̀ràn tó péye nígbà tó bá ń wo ara rẹ̀.

Odò Amúmìí ni mo bẹ̀rù jù. Omi rẹ̀ mọ́, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, nítorí mo rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tò síbẹ̀ bí ẹni ń lọ sí ìyàwó gbígbé. Ẹja ń wọ fèrèsé wọn, ó ń jáde. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọkùnrin tó ti di òkúta jókòó sí, ọwọ́ lórí ìdarí ọkọ̀. Ọ̀kan tilẹ̀ gbé ọwọ́ sókè síbẹ̀, ó ń kí àwọn èrò tí kò sí níbẹ̀. Mo dúró. Ní àárín omi, ihò imú méjì yọ, imú nìkan, láìsí ojú. Nígbà tó gbéra sókè díẹ̀ ni mo rí i pé àtàrí orí rẹ̀ ni imú náà wà.

"O kò ní kánjú wọlé bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ?" ohùn náà ní.

"Mo ń wò wọ́n ni."

"Wíwò dára. Ọdẹ, bí o bá fẹ́ la odò kọjá, kí ni o máa ń gbé lékè?"

"Ìbọn. Màá kọ ẹnu rẹ̀ sókè, kí omi má wọ̀ ọ́. Ìbọn tó bá mumi ti di igi ìdáná."

"Níbo ni ẹ́ńjìnnì rẹ ti ń mí?"

Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni. Ibẹ̀ náà ni ti àwọn ọkùnrin òkúta wọ̀nyí ti ń mí. Mo jókòó sí etí odò, mo ronú, ojú mi sì lọ sára òpó irin oníhò tí gbohùngbohùn jókòó lé. Mo tú u. Mo ki ẹnu rẹ̀ kan bọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, mo fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ wé oríkèé rẹ̀ ní ìwéléwé, mo kọ ẹnu kejì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé, bí ọdẹ ṣe ń kọ ẹnu ìbọn. Èyí tí mo fi ń fọ́nnu ló di èyí tí ọkọ̀ mi yóò fi mí. Imú Orí-Omi, bí mo ṣe sọ ẹ̀dá inú odò náà lórúkọ, gba gbohùngbohùn fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń lù ú, ó gbé e wọ odò, mo sì gbọ́ ohùn oníjàálá náà nísàlẹ̀, tó ń kì mí fún ẹja. Bóyá wọ́n ṣì ń gbọ́ ọ di òní. Mo wọ omi. Ó dé táyà, ó dé ilẹ̀kùn, ó dé ìsàlẹ̀ fèrèsé. Mo gbọ́ tí òpó náà ń fa afẹ́fẹ́ lókè bí arúgbó tó ń sùn. N kò wo ọ̀tún, n kò wo òsì, nítorí àwọn ọkùnrin òkúta ń wò mí. Mo gúnlẹ̀ ní òdìkejì.

Nígbà tí mo dé àgọ́, Bàbá Ọdẹ́tókun wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ rí bí eérú. Ó gbé ìbọn sí mi láyà.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Mi ò gbọ́ ọkọ̀ rẹ. Mo ti rò pé olè ni." Ó gbé ìbọn kalẹ̀, ó gbé ojú wo ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. "Ta ló ṣe é báyìí?"

"Igbó ni."

"Igbó mọ iṣẹ́." Ojú rẹ̀ dúró níwájú ọkọ̀. "Ó ku ìyẹn."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo fi igi gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo tẹ́ koríko gbígbẹ sẹ́yìn ọkọ̀, mo gbé e sábẹ́ tápólì. Nígbà kan, èmi ni ọkùnrin yìí máa ń gbé kọ́ èjìká kọjá odò. Lọ́jọ́ náà, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi ju àpò ọdẹ lọ. Mo gbé e jókòó tì mí níwájú títí a fi la omi kọjá, mo tún tẹ́ ẹ sábẹ́ tápólì, a gba inú àbàtà, mo tú afẹ́fẹ́ táyà, mo tún fẹ́ ẹ. Ẹlẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ṣì ń wo dígí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ìdajì Òkè Ẹ̀fúùfù, ọwọ́ géèjì ti sùn sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Iwájú ọkọ̀ wúwo, ó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn sì ń yọ̀ lọ sí kòtò tí egungun ọkọ̀ kún. Obìnrin tín-ín-rín náà dúró níbẹ̀.

"Mú un wá," ó ní.

Mo yọ fìlà ọdẹ mi. Mo yọ àpò. Mo gbé ìbọn mi fún un, ìbọn tí baba mi fi sílẹ̀ fún mi.

"Ṣé ìyẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́?"

"Ìyá, orúkọ mi ni ìwo yẹn. Bí mo bá gbé e sílẹ̀ níhìn-ín, ta ni yóò wọ ìlú?"

Ó ti ìbọn náà padà sí mi. Bàbá ló sọ̀rọ̀ lábẹ́ tápólì, ohùn rẹ̀ sì ti jìnnà. "Ṣé a ti délé?" ó ní. Ó tún ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ ti gbé omi kaná?" Ìyá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi. N kò mọ ìgbà tí mo bọ́ sílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀tì tí Jinádù dè ti dípẹtà. Mo fi sípánà, mo fi òkúta, mo fi eyín, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ọmọ ìka mi sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí irin náà já, ìwo àti egungun orí ṣubú lu ilẹ̀, ilẹ̀ mì. N kò mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. A kì í mọ bí ohun tí ẹlòmíràn ń bá wa rù ṣe wúwo tó. Obìnrin náà fi ìka kan gbé e. Iwájú ọkọ̀ gòkè bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún, táyà di ilẹ̀ mú, a sì ń gòkè, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tẹ ẹyin. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òdìkejì, mo fi ọkọ̀ sí jíà kékeré, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, mo jẹ́ kí òkè náà máa bá mi wa ọkọ̀.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a dé ẹnubodè Ìdó-Ìrókò. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú ti na igi dí ọ̀nà, nítorí àwọn ajínigbé tó ń dààmú agbègbè wa nígbà náà. Bí ọkọ̀ mi ṣe kan igi náà ni epo tán, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́. Ọdẹ́bọ̀dé, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, na ìbọn sí mi. Ẹrẹ̀ ti bo ojú mi.

"Ọkọ̀ ta nìyí?"

"Oníwo ni."

"Oníwo wo? Oníwo tí à ń gbọ́ láti òkè kejì? Ìwo dà? Bọ́ sílẹ̀. Gbé ọwọ́ sókè."

Mo la ẹnu láti sọ ẹni tí mo jẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ohun tó jáde. Ó ti pẹ́ tí gbohùngbohùn ti ń bá mi sọ ọ́, ìwo sì ń bá mi fi hàn. Èmi fúnra mi ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Mo dúró, mo gbé ọwọ́ sókè, ilẹ̀ sì ń ṣú lọ lórí ẹsẹ̀ Bàbá. Ni tápólì bá mì. Ohùn kan jáde lábẹ́ rẹ̀, ohùn tí gbogbo ọdẹ Ìdó-Ìrókò mọ̀.

"Àkànó ni. Àkànó ọmọ Ògúndíyà. Ẹ jẹ́ kó kọjá."

Wọ́n ju igi ẹnubodè sínú koríko. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé epo ti tán, Ọdẹ́bọ̀dé gbé ìbọn kọ́ apá, ó fi èjìká ti ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn yòókù ti tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ àná ni, wọn ì bá tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní mira. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà fúyẹ́, ó tẹ̀ lé wọn bí ẹran ọ̀sìn, wọ́n tì í gba àárín ìlú kọjá lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn èèyàn tó jókòó síwájú ilé wò wá, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ; wọ́n rò pé ọkọ̀ gbágùúdá kan ló kọṣẹ́. Dókítà wo ẹsẹ̀ náà, ó ní a tètè dé. Ẹsẹ̀ Bàbá kúrú díẹ̀ ju ìkejì lọ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ó fi í rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì fi í rìn wọ igbó.

Nígbà tí mo délé, Abẹ́ní yí ọkọ̀ náà po. Ó fọwọ́ kan ojú ibi tí ìwo ti kúrò. "Ó ti jọ ọkọ̀," ó ní, ó sì lọ bu omi fún mi. Jinádù wẹ́dà náà wá, ó mi orí, ó ní òun rí ìwo àgbò kan tó lẹ́wà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo gbé àga fún un, mo fún un ní ẹmu, mo sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ yẹn ló ń gbé aboyún àti aláìsàn jáde láti oko dé ilé ìwòsàn, epo díẹ̀ ló sì ń mu.

Ibi tí mo bá igbó lọ dé nìyí, ibẹ̀ náà ni igbó bá mi bọ̀ dé. Ẹni tó bá kọjá lórí Òkè Ẹ̀fúùfù, tó rí obìnrin tín-ín-rín kan tó fi ìwo ẹfọ̀n ṣe àga jókòó, kó kí i fún mi. Kó sọ fún un pé Àkànó ló ní kí wọ́n kí i. Kó má dárúkọ Oníwo fún un. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.